Ọwọ́ Tí Kò Mọ Èèwọ̀

"A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí." Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí. Òwe la mọ̀ ọ́n sí lónìí, àmọ́ òfin ni kó tó di òwe. Ẹ wo bí ẹni tó ṣe é ti dí gbogbo ọ̀nà tí ọwọ́ ènìyàn lè gbà dé ara ẹyẹ kan. Má pa á. Má jẹ ẹ́. Ìkẹta ló máa ń mú mi dúró ronú jù: má fi bọrí. Ẹni tó fi ìyẹn kún un mọ ìwà wa délẹ̀délẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ebi ò bá tì wá sí i, a lè fi ẹbọ bojú, ká ní wọ́n ní ká ṣe é ni, ká ní ire la ń wá.

Ọmọ Ìsin ni mí ní gúúsù Kwara, Ìlọrin ni mo ń gbé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí wọ́n bá mú wa wá kí àwọn ẹbí wa ní Ìlọrin, igún ni mo máa ń wò jù. Ní agbègbè Ìpàta, níbi tí àwọn alápatà wà, wọ́n á tò sórí òrùlé páànù bí àwọn àgbààgbà tó ń dúró de ìpàdé. Orí wọn pá, ojú wọn pọ́n, wọn ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá da ìfun tàbí ọ̀rá ẹran tí kò wúlò sílẹ̀, wọ́n á balẹ̀, wọ́n á jà sí i díẹ̀, ilẹ̀ á sì mọ́. Àwa ọmọdé á fẹ́ sọ wọ́n lókò, àgbàlagbà kan á sì jágbe mọ́ wa. Mi ò rántí ẹnì kan tó fẹ́ràn igún nígbà náà. Òórùn rẹ̀ ò dára, ìrísí rẹ̀ ò dára, orúkọ rẹ̀ pàápàá, èébú la fi ń ṣe. Síbẹ̀ àwọn àgbà jẹ́ kó wà.

Láìpẹ́ yìí, mo bi bàbá alápatà kan tó ti dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ náà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, sà, àwọn igún ibí yìí dà?"

"Igún kẹ̀? Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa báyìí, ọ̀pọ̀ ni kò fojú rí i rí."

"Kí ló lé wọn lọ?"

"Ta ní lé wọn?" Ó gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Kò sẹ́ni tó lé wọn. Wọ́n kó wọn tán ni."

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja ní àwọn ọjà ńlá ilẹ̀ wa, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Orí igún wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan ń rà á fún àwúre, àwọn kan fún ààbò, àwọn mìíràn gbà pé yóò jẹ́ kí àwọn rí ohun tó ń bọ̀ lọ́la. Irú igún tó máa ń bá ènìyàn gbé láàárín ìlú yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Necrosyrtes monachus, ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò àwọn ẹ̀dá inú igbó, fi sí ìpele tó burú jù lọ ní ọdún 2015, ìpele àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá nínú igbó. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ẹyẹ tó ń yé ẹyin kan ò lè bá ọwọ́ ènìyàn sáré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, ní Guinea-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa, ọ̀pọ̀ nínú òkú wọn ni a ò sì bá orí lọ́rùn wọn mọ́. Nǹkan tí òwe wa kà léèwọ̀ gan-an ló ń pa wọ́n: à ń fi wọ́n bọrí.

Àwọn ará Íńdíà ti fi ojú ara wọn rí ohun tó ń tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọn ò mọ̀ọ́mọ̀ pa igún. Oògùn ara ríro ni, diclofenac, tí àwa náà mọ̀ dáadáa nílé oògùn níbí. Wọ́n ń fún màlúù, bí màlúù náà bá kú, igún á jẹ òkú rẹ̀, kíndìnrín igún á sì bà jẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1990 lọ, igún tó wà ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í kú, irú kan nínú wọn dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí nínú ẹgbẹ̀rún kan, ẹyọ kan ló kù. Ọdún 2004 ni ìwádìí tó fi ohun tó ń pa wọ́n hàn jáde; ọdún 2006 ni ìjọba wọn fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Kó tó dìgbà yẹn, òkú màlúù ti ń jẹrà sí pápá àti sí etí omi, ajá ìgboro ti pọ̀, àrùn dìgbòlugi sì ń bá ajá rìn. Ní ọdún 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2000 sí 2005, nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló kú tí wọn ì bá má kú ká ní igún ṣì wà. Omi kíkan tó wà nínú ikùn igún lágbára débi pé kòkòrò àrùn tó lè pa ènìyàn, ibẹ̀ ni á ti kú. Bí igún ò bá sí, ta ni yóò jẹ òkú ẹran?

Mo máa ń sọ ìtàn Íńdíà yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, ó sì máa ń wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, igún wúlò nígbà yẹn." Inú mi máa ń dùn, àmọ́ kì í pẹ́ tí nǹkan kan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ṣé torí pé ó wúlò fún wa la ó ṣe jẹ́ kó yè? Bí ẹ̀rọ kan bá wá jáde lọ́la tó lè palẹ̀ òkú ẹran mọ́ ju igún lọ, ṣé ẹ̀tọ́ igún láti wà láyé ti dópin nìyẹn? Ohun tí mo ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé mo gbé ènìyàn sórí ìjókòó adájọ́, mo sì bá igún wá ẹlẹ́rìí. Mo gba ẹjọ́ náà fún un, àmọ́ ta ló fi wá jẹ adájọ́? Ẹ̀dá mélòó ló wà nínú ọ̀dàn ilẹ̀ Kwara yìí tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe, tí kò ní rí ẹlẹ́rìí kankan? Oríṣiríṣi ìkamùdù, àkèré inú àbàtà, koríko tí a ò tíì sọ lórúkọ?

Ibí ni mo ti rí ọgbọ́n òwe yẹn. Kò sọ ìdí. Kò ní a kì í pa igún torí pé ó ń gbálẹ̀ ìlú. Ó kàn ní a kì í pa á. Ìwàláàyè igún kò sí lábẹ́ ìṣirò wa rárá. Ìmọtara-ẹni-nìkan ọmọ ènìyàn gbọ́n gan-an. Bí ẹ bá fún un ní ìdí, yóò wá ìdí mìíràn tó ju ìyẹn lọ. Ohun tí kò lè rí ṣe ni ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ tí wọn ò sì ṣàlàyé.

Mi ò sọ pé ańgẹ́lì ni àwọn baba wa. Wọ́n sun igbó, wọ́n pa erin, wọ́n sì fi ẹnu ìjálá yangàn lórí ẹran tí wọ́n pa. Nínú èèwọ̀ wọn pẹ̀lú, òmíràn wà tó fìyà jẹ aláìṣẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ìyẹn padà wá. Àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ibì kan wà tí ọwọ́ ń dúró. Igbó kan wà tí a kì í ro. Odò kan wà tí a kì í pa ẹja inú rẹ̀. Bí ọdẹ tàbí àgbẹ̀ bá fẹ́ búra, ilẹ̀ ló ń pè, ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bá ilẹ̀ mulẹ̀ ò lè máa wo ilẹ̀ náà bí ẹrù tó rà lọ́jà.

Àwa ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi èmì.

Kò sẹ́ni tó ń gbin èmì lọ́dọ̀ wa. Ó ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọ̀dàn, àgbẹ̀ tó ń ṣán oko á kàn fi í sílẹ̀, á ro yí i ká. Ọdún 15 sí 20 ni yóò fi dàgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa, lẹ́yìn náà ó lè máa so fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí túmọ̀ sí pé èmì tí màmá mi ń ṣa nídìí rẹ̀ nígbà òjò, ẹnì kan tí màmá mi ò mọ̀ ló fi sílẹ̀ nígbà tó ń ṣán oko. Ó ní àdá lọ́wọ́. Ó lè gé e. Ó yí i ká. Lára ìyíká yẹn ni gbogbo òrí tí wọ́n fi pa mí lára nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ ti wá: kí wọ́n ṣa á láàárọ̀ kùtù, kí a mu ara rẹ̀ tó dùn, kí wọ́n se kóró rẹ̀, kí wọ́n sá a, kí wọ́n pa á, kí wọ́n yan án, kí wọ́n gún un, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi ọwọ́ po ó nínú omi títí òrí yóò fi léfòó. Iṣẹ́ obìnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ obìnrin abúlé ni kò nílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, àmọ́ èso tó bá jábọ́ nídìí èmì, tirẹ̀ ni.

Ní báyìí, ẹ̀rọ agégi ti dé. Igi èmì le, èédú rẹ̀ ń pẹ́ lórí iná, torí náà òun ni wọ́n ń wá. Wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó jọ, wọ́n á fi koríko àti erùpẹ̀ bò ó, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, á máa jó wọ́ọ́rọ́wọ́ lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú irú òkìtì bẹ́ẹ̀, igi tó wúwo tó kílò 10 kì í sábà mú ju kílò 2 èédú jáde. Èyí tó kù ti di èéfín. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti apá Mórò tàbí Káíámà wọ Ìlọrin, ẹ ó rí àwọn àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́bàá títì. Apá kan ń lọ sí ilé wa, apá kan ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Yúróòpù, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi yan ẹran nínú ọgbà ilé wọn nígbà oòrùn.

Ta ni onímọtara-ẹni-nìkan nínú gbogbo wọn? Mo ti rí àwọn tó ń dá ọkùnrin tó ń sun èédú lẹ́bi. Mi ò lè dá a lẹ́bi tinútinú. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé, oko rẹ̀ ò mówó wá, oníbàárà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo ń ra àpò èédú nígbà tí gáàsì wọ́n, tí mi ò bèèrè rí pé igi wo ni, ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Oníbàárà òkè òkun tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé igi kan wà tó ń jẹ́ èmì, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ìwàásù "ẹ fẹ́ràn igi" nìkan ò lè tó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kórìíra igi. Olúkúlùkù kàn ń mú ìwọ̀nba tirẹ̀ ni, kò sì sí ibi tí a ti fẹnu kò pé ó tó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó kóró èmì tútù lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà. Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, ló kéde rẹ̀. Wọ́n ní Nàìjíríà ló ń mú nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èmì àgbáyé wá, àmọ́ ohun tó ń wọlé fún wa nínú owó rẹ̀ lágbàáyé ò ju ìdá kan lọ. Inú mi dùn sí i. Bí òrí bá ń mówó wá, obìnrin tó ń ṣe é á lè sọ pé kí wọ́n má gé e. Àmọ́ ìbéèrè igún yẹn náà ló tún dé: bí owó èédú bá wá ju owó òrí lọ lọ́dún kan ńkọ́? Igi tó lo 20 ọdún kó tó so ò yẹ kó máa dúró de iye tí ọjà bá ná an láàárọ̀.

Nínú ìgboro Ìlọrin, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ burú jù, torí pé a ò lè fi ebi ṣe àwíjàre. Mo mọ ọgbà ilé tí wọ́n ti gé igi máńgòrò tó ti wà níbẹ̀ kí onílé tó rà á, nítorí pé ewé rẹ̀ ń já sórí íńtálọ́ọ̀kì. Ewé! Nígbà tó di oṣù kẹta tí oòrùn mú gbogbo ilẹ̀, wọ́n ra ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀ tí yóò gbé e. Ti Odò Àsà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀; kí ẹ dúró lórí afárá Àmilẹ́gbẹ́ nígbà òjò, kí ẹ wo ọ̀rá àti ike tó ń gba abẹ́ yín kọjá lọ sí ọ̀nà Odò Ọya. Ẹni tó jù ú sínú gọ́tà ti gbàgbé. Fún un, ohun tó ti kúrò níwájú ilé rẹ̀ ti kúrò láyé nìyẹn.

Àwọn kan á sọ pé ìsìn ló gba èèwọ̀ lọ́wọ́ wa, pé láti ìgbà tí a ti di onígbàgbọ́ la ti mọ̀ pé igi ò lè pani, pé igbó tí a kì í wọ̀, ọ̀rọ̀ ìbọ̀rìṣà ni. Nínú ìdílé Ìgbómìnà bíi tiwa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń jẹun nínú àwo kan, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu tọ̀túntòsì. Mo rò pé wọn ò tíì wo ìwé tiwọn dáadáa tó. Ìlọrin kún fún Àlàájì àti Àlààjá. Olúkúlùkù wọn ló ti gbé abẹ́ èèwọ̀ rí: ẹni tó bá ti wọ ìhírámù kò gbọdọ̀ ṣọdẹ ẹran ìgbẹ́. Ní ilẹ̀ mímọ́ Mẹ́kà, a kì í lé ẹran ìgbẹ́ ibẹ̀, a kì í sì í gé igi tó hù fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́hùn-ún mọ bí ó ti rí kí ọwọ́ dúró. Ìkìlọ̀ inú Súrà Al-Isra sì wà, pé kí ènìyàn má fi ìgbéraga rìn lórí ilẹ̀, torí kò lè la ilẹ̀ já, kò sì lè ga tó òkè.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pẹ̀lú ní tiwọn. Nínú ìwé Deuteronomi, wọ́n ní bí ogun bá dó ti ìlú ọ̀tá, kí ọmọ ogun má gé igi eléso ibẹ̀. Ogun o! Nígbà tí gbogbo nǹkan di ẹ̀tọ́, igi eléso ò di ẹ̀tọ́. Nínú ìwé kan náà, ẹni tó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ kò gbọdọ̀ mú ìyá pẹ̀lú ọmọ. Nínú Lefitiku, ọdún keje ni ilẹ̀ gbọdọ̀ sinmi. Mi ò gbọ́ ìwàásù lórí èyíkéyìí nínú wọn rí ní ìjọ tí mo mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìwàásù lórí ìgbéga àti àṣeyọrí ò jẹ́ ká sinmi. Èèwọ̀ ò tíì kúrò lọ́wọ́ wa. Ó wà nínú àwọn ìwé tí a fi ń búra ní kóòtù, inú ilé wa ló wà.

Nítorí náà, nígbà tí àwa ẹbí péjọ sílé lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi òfin kan lélẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí: kí ẹnikẹ́ni má gé igi èmì tó ń so, tàbí igi igbá tó ń so, èyí tí a ń fi kóró rẹ̀ ṣe irú, yálà fún èédú tàbí fún pákó, kí a má sì gba àlàyé.

Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ó dára. Àmọ́ bí owó ilé ìwé bá há ẹnì kan lọ́rùn ńkọ́? Ṣé igi ló yẹ kó wò títí ọmọ fi máa jókòó sílé?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò sì ní èsì kankan lẹ́nu. Màmá mi ló dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Kó wá bá wa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin àti Èkó, kí ẹ dá owó sí àpò ẹbí. Bí a bá ní kó má gé e, a ti gbà pé ìṣòro rẹ̀ di tiwa nìyẹn."

Orí ìyẹn la ti dá àpò náà sílẹ̀. Owó inú rẹ̀ ò tíì pọ̀, ẹnì kan sì ti yá nínú rẹ̀ fún owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá títì nìkan ni a ò tíì fẹnu kò lé lórí. Oníbàárà kan ń fẹ́ ẹ, owó tó fẹ́ san dára, igi igbá mẹ́ta sì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní kí a tà á. Èmi àti màmá mi ní rárá. A ó tún gbé e yẹ̀ wò nígbà tí a bá péjọ lọ́dún tó ń bọ̀.